Ní Vanuatu, ìwé ikú ló nira jù

Kí ó tó di ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1980, ọmọ bíbí Vanuatu, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú Òkun Pàsífíìkì, kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè kankan lábẹ́ òfin. New Hebrides ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà nígbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì jọ ń ṣàkóso rẹ̀ láti 1906, pẹ̀lú ọlọ́pàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti iléèwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ará Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀, ará Faransé ní tirẹ̀; onílẹ̀ nìkan ni kò ní. Bí ó bá fẹ́ lọ sókè òkun, àfi kí aṣojú ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé kan fún un pé lágbájá rèé. Mo máa ń rántí èyí tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé bébà lásán ni ìwé ẹ̀rí ìbí.

Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ni iṣẹ́ mi, ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mi jù ni pé kí ni ìwé ẹ̀rí ìbí tún wà fún nígbà tí káàdì ìdánimọ̀ ti wà. Vanuatu ni mo sábà máa ń fi dáhùn. Ìkànìyàn 2020 ka 300,019 ènìyàn níbẹ̀, nítorí náà èèyàn lè rí iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀ láìṣe pé ojú ń ṣe bàìbàì.

Erékùṣù tó lé ní 80 ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n sì tò láti àríwá dé gúúsù fún nǹkan bí 1,300 kìlómítà. Olú ìlú, Port Vila, wà ní erékùṣù Efate. Abiyamọ tó bímọ ní Torba, ìpínlẹ̀ tó wà lókè pátápátá ní àríwá, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù ni yóò máa dúró dè kí ó tó lè jáde. Nínú oṣù Karùn-ún 2024, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú orílẹ̀-èdè náà pàápàá wọko gbèsè, wọ́n sì dá fífò dúró.

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ síra. Ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ pé wọ́n bí ọmọ kan, ìròyìn ìbí ni. Orúkọ ọmọ, ti ìyá, ti bàbá, ọjọ́ àti ibi ìbí tí akọ̀wé ìjọba kọ sínú ìwé ńlá, ìyẹn ni ìforúkọsílẹ̀, òun gan-an sì ni òfin mọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n tẹ̀ fún òbí, ẹ̀dà ohun tó wà nínú ìwé ńlá náà ni. Ọ̀pọ̀ òbí á fi ìwé nọ́ọ̀sì hàn mí, wọ́n á ní àwọn ti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Wọn ò tíì ṣe é.

Níbi tí ìjì ti ń jà, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn amòfin nìkan. Ìjì Pam jà ní oṣù Kẹta 2015, Harold ní oṣù Kẹrin 2020, Judy àti Kevin sì tẹ̀lé ara wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹta 2023. Ìjì tó ṣí òrùlé kì í dá àpótí ìwé sí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, òkè oníná Ambae bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ìjọba kó gbogbo ará erékùṣù náà, bí 11,000, lọ sí àwọn erékùṣù mìíràn. Ọdún kejì wọ́n tún kó wọn. Ẹ ro ti olùkọ́ tí wọ́n kó ọmọ tí kò mọ̀ rí wá bá, tí ìyá wọn kò sì rí nǹkankan mú bọ̀ ju aṣọ lọ. Bí orúkọ ọmọ bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà ìjọba, wọ́n á tẹ ẹ̀dà mìíràn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹjọ́ ẹnu nìkan ló kù.

Ọ̀nà tí ìjọba Vanuatu gbà ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ dùn mọ́ mi: wọ́n gbé iṣẹ́ lọ síbi tí èèyàn ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Iléèwé ń ṣàwárí àwọn tí kò ní ìwé. Òṣìṣẹ́ sì ń gbé ẹ̀rọ lọ sí abúlé. Akọ̀wé ló ń wá ọmọ lọ.

Orúkọ fúnra rẹ̀ tún jẹ́ iṣẹ́. Ní erékùṣù Tanna, orúkọ so mọ́ ilẹ̀: ẹni tí wọ́n bá sọ lórúkọ kan jogún ẹ̀tọ́ tó ń bá orúkọ náà rìn. Ní Ambae àti Pentecost, ọkùnrin tó pa ẹlẹ́dẹ̀ láti gorí ipò gíga máa ń gba orúkọ tuntun. Ìwé òfin Vanuatu sì sọ pé gbogbo ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn onílẹ̀ àti ìran wọn. Akọ̀wé tó bá kọ orúkọ sọ́ọ̀ṣì nìkan, tó fi ti ilẹ̀ sílẹ̀, lè máa dá ẹjọ́ sílẹ̀ de àwọn tí wọn ò tíì bí. Ọmọ Yorùbá tí iléèwé kọ orúkọ rẹ̀ méjì, tí báńkì kọ méjì mìíràn, mọ ohun tí mò ń sọ.

Wàyí o, ikú. Nígbà ìdìbò 2016, orúkọ bí 200,000 ló wà nínú ìwé olùdìbò Vanuatu, nígbà tí gbogbo ènìyàn ibẹ̀, tọmọdé tàgbà, jẹ́ bí 272,000. Nínú ènìyàn márùn-ún, bí méjì ni kò tíì pé ọdún 15. Ẹ ṣírò rẹ̀: àwọn tó ti pé 15 pàápàá kò ju bí 163,000 lọ, ọdún 18 sì ni òfin ìdìbò wí. Ẹni tó ṣí lọ sí erékùṣù mìíràn, tí orúkọ rẹ̀ wà níbi méjì, kún un. Òkú náà sì kún un. Ìdí nìyí tí wọ́n fi so ìwé olùdìbò mọ́ ìwé ìbí àti ikú, tí káàdì ìdánimọ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ káàdì ìdìbò.

Ṣùgbọ́n káàdì kò lè mọ̀ pé ẹni tó ni ín ti kú. Ìbí ní ẹni tó ń tì í: iléèwé ń béèrè ìwé, ìwé ìrìnnà ń béèrè ìwé. Ta ló ń béèrè ìwé ikú lọ́wọ́ ìdílé àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti kókò? Bàbá kú, àwọn ẹbí àti àwọn ìjòyè péjọ, wọ́n sin ín sórí ilẹ̀ rẹ̀. Kò lówó ní báńkì, kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Nọ́mbà ìdánimọ̀ rẹ̀ á máa wà láàyè lọ. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé a ò ní mọ ohun tó pa á, bóyá àtọ̀gbẹ ni àbí ikọ́ ife, ilé ìwòsàn kò sì ní mọ oògùn tó yẹ kí wọ́n kó wá.

Ọ̀nà wà. Wọ́n lè bi ẹbí léèrè: ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó, ṣé ó rù? Dókítà lè fòye mọ ohun tó pa á láti inú ìdáhùn wọn. N kò fara mọ́ owó ìtanràn fún ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀ rárá. Ńṣe ni wọ́n á fi òkú pamọ́ fún akọ̀wé. Nọ́ọ̀sì abúlé, pásítọ̀ àti ìjòyè ti wà níbi ìsìnkú tẹ́lẹ̀, wọ́n sì mọ òkú náà lórúkọ. Bí wọ́n bá gbé owó iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́, káàdì fóònù tí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí á fi máa pe akọ̀wé ni màá kọ́kọ́ rà, kí n tó ra ẹ̀rọ ìtẹ káàdì mìíràn sí Port Vila.