Bí Oògùn Ṣe Ń Lé Kòkòrò Kúrò Nínú Eegun Ọmọdé

Ọmọ tó sáré káàkiri lánàá jí, ó ń tiro, tàbí kò tilẹ̀ fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ gbóná. Ohun tí wọ́n sábà máa sọ nílé ni pé ó ṣubú, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara wọ́ ẹsẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ibà bá wà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ọmọ kò fẹ́ lò, kí wọ́n tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, nítorí ó lè jẹ́ kòkòrò àìfojúrí ló ti wọ eegun tàbí oríkèé.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò náà sábà máa ń gbà débẹ̀. Ní ìpẹ̀kun eegun gígùn, nítòsí ibi tí eegun ti ń dàgbà, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ́ra níbẹ̀, kòkòrò a ráyè jókòó. Ìdí nìyẹn tí eegun itan àti ojúgun fi máa ń kó o jù. Staphylococcus aureus ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ń fà á. Lára ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, Salmonella náà ń ṣọṣẹ́ gidigidi, ó sì ṣòro láti tètè mọ̀, torí ìrora tí àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń fà sí eegun jọ ti kòkòrò.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà fún àyẹ̀wò, kí oògùn tó wọ ara. Bí oríkèé bá wú, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀. Hóró oògùn méjì mẹ́ta tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì kò lè pa kòkòrò inú eegun tán, àmọ́ ó lè jẹ́ kí àyẹ̀wò má rí i mọ́. X-ray pàápàá lè má fi nǹkan kan hàn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì àkọ́kọ́. Wọn kì í dúró de èsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn: flucloxacillin tàbí cefazolin ni wọ́n sábà ń fi dojú kọ Staphylococcus, wọ́n sì máa ń fi ceftriaxone kún un fún ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí èsì bá dé, wọ́n á yí i padà bó ṣe yẹ.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń gbà rìn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, bí inú ọyún tó ti gbá jọ tàbí eegun tó ti kú, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ni yóò tú u. Ti oríkèé ìbàdí ló le jù: ọyún tó há síbẹ̀ lè fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sórí eegun itan pa, torí náà wọn kì í jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

Láyé àtijọ́, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni ọmọ máa fi wà lórí abẹ́rẹ́. Ìwádìí tí Heikki Peltola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Finland, tí wọ́n gbé jáde ní 2009 àti 2010, fi hàn pé abẹ́rẹ́ ọjọ́ 2 sí 4, kí oògùn mímu tẹ̀ lé e, tó fún ọ̀pọ̀ ọmọ: ọjọ́ 20 lápapọ̀ fún eegun, ọjọ́ 10 fún oríkèé. Ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń lo ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 fún eegun. Ibà gbọ́dọ̀ ti lọ, ọmọ gbọ́dọ̀ ti máa lo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lọ sókè bí kòkòrò bá ń bá ara jà, sì ti máa wálẹ̀, kí wọ́n tó yí abẹ́rẹ́ sí oògùn mímu.

Oògùn mímu yìí pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń lò fún ọ̀nà ọ̀fun lọ, ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ibí gan-an ló ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ ti ń ṣeré, ìyá á rò pé ó ti tán, á gbé ìgò oògùn tì. Kòkòrò tó kù lè padà, kí ó di egbò tí ọyún ń ti inú rẹ̀ jáde fún oṣù tàbí ọdún, tí wọ́n á sì ní láti gé eegun tó ti kú kúrò.

Bí oògùn bá parí, dókítà á ṣì máa pe ọmọ padà, pàápàá bí àrùn náà bá sún mọ́ ibi tí eegun ti ń dàgbà. Wọ́n á máa wọn ẹsẹ̀ méjèèjì bó ṣe ń ga, bóyá ọ̀kan ń kúrú.