Ọ̀sẹ̀ méje tí wọ́n fi ń tu Síónì nínú

Ní sínágọ́gù, ilé ìjọsìn àwọn Júù, bí wọ́n bá ti ka ìpín Tórà (ìwé márùn-ún Mósè) tán láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi wọn, ìyẹn Sátidé, wọ́n á tún ka ibì kan nínú ìwé àwọn wòlíì. Haftarah ni wọ́n ń pè é. Ó sábà máa ń bá Tórà ọjọ́ náà mu. Àmọ́ lẹ́yìn Tisha B'Av, ọjọ́ ààwẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ tẹ́ńpìlì méjèèjì, èyí tí Bábílónì wó àti èyí tí Róòmù dáná sun lọ́dún 70, ìtùnú nìkan ni wọ́n ń kà fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko, títí Rosh Hashanah, ọdún tuntun àwọn Júù, fi máa dé. Inú Aísáyà ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Wọn kò tẹ̀ lé bí orí ìwé ṣe tò. Orí 40 ló ṣáájú, 49 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 54 láti ẹsẹ 11. Wọ́n á wá padà sí 51, wọ́n á tún lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ 54, kí wọ́n tó dé 60 àti 61. David Abudarham, ọ̀mọ̀wé ará Seville ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ṣàlàyé pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀.

Ọlọ́run kọ́kọ́ rán àwọn wòlíì: “Ẹ tu àwọn ènìyàn mi nínú.” Síónì, ìyẹn Jerúsálẹ́mù, kò gbà. Ó ní, “Olúwa ti kọ̀ mí sílẹ̀.” Àwọn ìránṣẹ́ padà lọ jíṣẹ́ pé ẹni tí ìjì ń gbá kiri yìí, a kò tíì tù ú nínú. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ọkàn gbogbo ètò náà, nítorí ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Èmi, àní èmi, ni ẹni tí ń tù yín nínú.” Ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn wọra kì í gba ìpẹ̀ ìránṣẹ́ bọ̀rọ̀, ẹni tó bá a jà gan-an ló ń retí. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ní kí àgàn kọrin, kí Síónì dìde kó tàn. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ keje ló tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò yọ̀ gidigidi nínú Olúwa.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó bọ́ sáàárín Rosh Hashanah àti Ọjọ́ Ètùtù, Hóséà 14 ni wọ́n ń kà: “Ísírẹ́lì, yípadà sọ́dọ̀ Olúwa Ọlọ́run rẹ.” Ìtùnú ti ṣáájú kí ìpè sí ìrònúpìwàdà yìí tó dé.