Kí ló dé tí wọ́n fi ń tú nọ́ńbà palẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí iye ipò

Ní ọdún 2014, òbí kan ní Amẹ́ríkà gbé àwòrán iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ náà sọ pé ọmọ kan tí ń jẹ́ Jack fẹ́ yọ 316 kúrò nínú 427, ó lo ìlà nọ́ńbà, ìyẹn ìlà tí a to nọ́ńbà lé lórí ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ó sì rí 121. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá àṣìṣe rẹ̀, kí ó sì kọ lẹ́tà sí i. Òbí náà, tí ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, kọ lẹ́tà tirẹ̀: ó ní 111 ni ìdáhùn, pé kò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láti rí i, àti pé ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà kò mọ́gbọ́n dání. Àwòrán náà kò tíì sinmi. Nígbàkígbà tí ó bá tún jáde, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ń béèrè.

Ta ló jàre, òbí ni àbí ìwé?

Ìdáhùn òbí tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdáhùn kọ́ ni wọ́n béèrè. Ibi tí ẹsẹ̀ Jack ti yẹ̀ ni wọ́n ní kí ọmọ wá. Jack tú 316 palẹ̀ sí 300, 10 àti 6. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 427, ó fo ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kan 327, 227 àti 127. Ó yẹ kí ó fo 10 kí ó dé 117, kí ó tó wá yọ ẹyọ mẹ́fà kí ó fi balẹ̀ sí 111, ṣùgbọ́n láti orí 127 ni ó ti yọ ẹyọ mẹ́fà náà, ó sì bá ara rẹ̀ ní 121. Àmì 1 tí ó wà láàárín 316 ni kò kà kún. Gbólóhùn kan péré ni lẹ́tà náà ìbá gbà: “Jack, o gbàgbé 10.” Lẹ́tà onímọ̀ ẹ̀rọ náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní iye ipò?

Ó jẹ́ iye tí àmì kan ní nítorí ibi tí ó dúró sí. Àmì mẹ́wàá péré ni a ní, láti 0 dé 9, síbẹ̀ kò sí iye tí a kò lè fi wọ́n kọ, nítorí pé bí àmì kan bá ti sún sí apá òsì ní ẹsẹ̀ kan, iye rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú 333, ti ìkẹyìn jẹ́ ẹyọ mẹ́ta, ti àárín jẹ́ ẹ̀wá mẹ́ta, ti iwájú sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Òdo ni ó ń ṣọ́ àyè tí ó ṣófo. Láìsí òdo, 305 á di 35. Bí a bá ní kí ọmọ kọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùn-ún, tí ó sì kọ 3005, kì í ṣe olódo, bí òdo tilẹ̀ pọ̀ nínú ohun tí ó kọ. Ohun tí ó gbọ́ ni ó kọ: 300 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 5.

Ṣé ohun tuntun ni?

Rárá. Brahmagupta, onímọ̀ ìṣirò, ti kọ òfin ìṣirò òdo sílẹ̀ ní Íńdíà ní ọdún 628, ìwé Fibonacci, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, sì ṣàlàyé àwọn àmì wọ̀nyí fún àwọn oníṣòwò Ítálì ní 1202. Ní 1299, ẹgbẹ́ àwọn onípàṣípààrọ̀ owó ní ìlú Florence fi òfin de àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fi àwọn àmì náà kọ ìwé ìṣirò owó. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ kí ìṣirò bí àgbàlagbà nínú.

Ọmọ mi ń ka nọ́ńbà dé 100. Ṣé kò ti yé e nìyẹn?

Kò dájú, nítorí pé ọmọ lè ka nọ́ńbà bí ẹni ń kọrin. Constance Kamii, olùwádìí tí ó gba ọ̀nà Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, lo àyẹ̀wò kan fún àwọn ọmọdé ní àwọn ọdún 1980 tí ẹ̀yin náà lè ṣe nílé. Ẹ kó nǹkan kéékèèké mẹ́rìndínlógún sílẹ̀, kí ọmọ kà á, kí ẹ sì kọ 16 sórí ìwé. Ẹ fi ìka yí 6 po, kí ẹ ní kí ó fi iye tí àmì yẹn dúró fún hàn yín nínú àwọn nǹkan náà. Yóò ka mẹ́fà. Ẹ wá yí 1 po. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò mú ẹyọ kan ṣoṣo, tí mẹ́sàn-án yòókù yóò wà nílẹ̀ láìní olúwa, tí kò sì ní dà wọ́n láàmú rárá.

Ṣé òótọ́ ni pé òǹkà Yorùbá ń da ọmọ rú?

Ó ń dà á rú níbì kan, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ níbòmíràn, ìdí nìyí tí ìdáhùn yìí yóò fi gùn. Ẹ kọ 47, kí ẹ sì pè é: mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ojú ọmọ rí 4 àti 7; etí rẹ̀ gbọ́ mẹ́ta àti àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ogún mẹ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó pe 47 ti yọ 10 kúrò nínú 60, ó tún ti yọ 3, láìfẹnu kan ẹ̀wá mẹ́rin tàbí ẹyọ méje. Èyí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Ará Jámánì a máa pe méje ṣáájú ogójì; ará Faransé a máa pe 97 ní ogún mẹ́rin, ẹ̀wá, méje. Àwọn ará Ṣáínà ni ó rọ̀ lọ́rùn, nítorí pé bí wọ́n ti ń kọ 47 ni wọ́n ń pè é: mẹ́rin ẹ̀wá méje.

Ṣùgbọ́n òbí Yorùbá tí ó ń pe títú nọ́ńbà palẹ̀ ní ohun àjèjì ti ń ṣe é láti ìgbà tí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ ro 47 pọ̀ mọ́ 38, mẹ́tàdínláàádọ́ta àti méjìdínlógójì. Àádọ́ta àti ogójì jẹ́ àádọ́rùn-ún. Mẹ́ta àti méjì tí ó dín jẹ́ márùn-ún. Márùndínláàádọ́rùn-ún ni ìdáhùn, 85. Orúkọ ìdáhùn ti jáde kí a tó wá bírò. Ohun tí ó kù ni kí a là á yé ọmọ pé ọ̀nà tí a ń gbà pe nọ́ńbà yàtọ̀ sí ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́: ẹnu ń yọ mẹ́ta kúrò nínú àádọ́ta, ọwọ́ ń kọ ẹ̀wá mẹ́rin àti ẹyọ méje, iye kan náà sì ni.

Ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà tú nọ́ńbà palẹ̀?

Rárá o, 47 jẹ́ 40 àti 7, ó jẹ́ 30 àti 17, ó sì tún jẹ́ 25 àti 22.

Ṣé kí n má kọ́ ọ ní “yá ọ̀kan” tí wọ́n kọ́ èmi?

Ẹ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ẹ̀wá ni ọ̀kan náà. Ọmọ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó bá fẹ́ yọ 27 kúrò nínú 52, a wo 2 àti 7, a yọ kékeré kúrò nínú ńlá, a sì kọ 35. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé a tún 52 tú sí 40 àti 12. A yọ 7 kúrò nínú 12, ó ku 5. A yọ 20 kúrò nínú 40, ó ku 20. Ìdáhùn jẹ́ 25. Kò sì sí ẹni tí ó dá ẹ̀wá náà padà, nítorí náà ọ̀rọ̀ “yá” yẹn fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jóòótọ́.

Ọmọ mi ṣì ń lo ìka. Ṣé ó burú?

Kò burú, ìka mẹ́wàá ni ó bí ẹ̀wá.

Ǹjẹ́ ọ̀nà gígùn yìí kò ní jẹ́ kí ọmọ máa lọ́ra?

Yóò lọ́ra díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí ó bà yín lẹ́rù ni ọmọ tí ó yára ro 98 pọ̀ mọ́ 47, tí ó kọ 15 fún 8 àti 7, tí ó kọ 13 fún 9 àti 4 sí iwájú rẹ̀, tí ó sì fi 1315 lé olùkọ́ lọ́wọ́ láìfura pé nọ́ńbà méjì tí ìkankan nínú wọn kò tó 100 kò lè para pọ̀ kọjá 1,000.

Kí ni mo lè ṣe nílé?

Ẹ wá igi kéékèèké àti rọ́bà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ di igi ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ó to ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì kalẹ̀ fún 52, kí ẹ wá ní kí ó fún yín ní 27. Yóò kó ìdì méjì fún yín, yóò na ọwọ́ sí ẹyọ, yóò rí i pé kò tó. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tú rọ́bà ara ìdì kan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti yé e?

Ẹ bi í pé ẹ̀wá mélòó ló wà nínú 243. Bí ó bá ní mẹ́rin, ó ti mọ orúkọ ipò. Bí ó bá ní mẹ́rìnlélógún, ó ti yé e.