Kí Ló Ń Pa Gílóòbù Ilé Wa?

"Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi." Bí gílóòbù bá jó l'Ákùúrẹ́, ohun tí à ń sọ nìyẹn, ẹ̀bi á sì di ti oníṣọ́ọ̀bù Ọjà Ọba tó tà á. Nígbà mìíràn, ó jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ooru àti iná tó wọlé ju bó ṣe yẹ lọ ń pa gílóòbù tó dára pẹ̀lú.

Nínú gílóòbù LED, àwọn ẹyọ pẹlẹbẹ kéékèèké ló ń tan ìmọ́lẹ̀, wọn kì í sì í tètè kú. Èyí tó ń tètè kú ni dráífà tó wà ní ìdí gílóòbù, tó ń sọ iná 230 fóòtì di ìwọ̀nba tí àwọn ẹyọ yẹn lè gbà. Kàpásítọ̀ wà nínú dráífà, omi kẹ́míkà sì wà nínú kàpásítọ̀. Ooru ló ń gbẹ omi náà: bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ á dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Nítorí náà, gílóòbù tí páálí rẹ̀ ṣèlérí wákàtí 15,000 lè má pé ọdún kan bí ẹ bá dé e mọ́ inú gíláàsì tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀.

Ti gílóòbù àtijọ́ yàtọ̀. Okùn irin táńsítìn inú rẹ̀ ń gbóná tó nǹkan bí 2,500°C, ó sì ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ títí á fi já.

Èyí tó ká mi lára jù ni kí wáyà níútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, já, nítorí ó ń ba fìríìjì àti tẹlifíṣọ̀n jẹ́ pẹ̀lú. Fésì mẹ́ta, ìyẹn àwọn wáyà tó ń gbé iná wá, àti níútírà kan ló ń gba orí òpó kọjá ládùúgbò. Láàárín fésì kan àti níútírà, 230 fóòtì ni. Láàárín fésì méjì, 400 ni. Nígbà òjò àkọ́rọ̀, tí ìjì bá ṣẹ́ ẹ̀ka igi lu wáyà tí níútírà sì já, ilé tó wà lórí fésì kan àti èyí tó wà lórí fésì kejì á wá máa pín 400 yẹn láàárín ara wọn. Ilé tó ń lo áyọ́ọ̀nù á gba díẹ̀. Ilé tó tan gílóòbù kan ṣoṣo ni púpọ̀ rẹ̀ á ya lù.

Bí iná yín bá ṣàdédé mọ́ rekete nígbà tí ti aládùúgbò ń ṣe bàìbàì, ẹ yára pa siwíìsì ńlá, kí ẹ sì ké sí àwọn òṣìṣẹ́ iná. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà kankan.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ojú kan náà nínú ilé ni gílóòbù ti ń jó ṣáá, níútírà kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń wáyà ilé tú họ́dà ibẹ̀ wò. Irin inú rẹ̀ tí kò bá kan ìdí gílóòbù dáadáa á máa ta iná pàràpàrà, á sì máa gbóná. Bí irin náà bá ti dúdú, họ́dà ni kí ẹ pààrọ̀.