Ohun tó ń fọ́ ìkòkò nínú iná

Tí ìkòkò bá là gbà nínú iná, ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ ni pé afẹ́fẹ́ ló há sínú amọ̀, pé kò pò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ti ràn ká gbogbo ilé ẹ̀kọ́, aláìṣẹ̀ ni wọ́n sì ń bá wí. Omi ló jẹ̀bi.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú amọ̀, bí iná bá gbé e dé 500°C, kò ní fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta, á sì rí ihò tíntìntín gbà jáde. Ṣùgbọ́n bí omi bá kọjá 100°C tó di oru, ààyè tó máa gbà á tó ìlọ́po 1,700. Agbára yẹn náà ló ń ta ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀. Nínú ògiri amọ̀ tó nípọn, kò sí ọmọrí tó máa ṣí.

Ìkòkò tó gbẹ lójú lè má tíì gbẹ nínú. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: tó bá ṣì tutù, omi ṣì wà níbẹ̀. Omi mìíràn tún wà tó jẹ́ ara amọ̀ gan-an, tí oòrùn kò lè fà jáde. Iná tó súnmọ́ 500°C ló ń lé e. Tí ìyẹn bá ti lọ, bí ẹ rẹ ìkòkò náà sómi títí ọdún fi yípo, kò ní padà di ẹrẹ̀ mọ́.

Báwo ni olùkọ́ ṣe wá ń kọ́ni láti bá omi yìí jà? Ní ibùdó ìkọ́ṣẹ́ tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tó ń jẹ́ Suleja báyìí, níbi tí Ladi Kwali, gbajúmọ̀ amọ̀kòkò, ti dé ní 1954, inú iná ni ọgbọ́n náà wà. Ìléru, ìyẹn ààrò ológiri tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, ni wọ́n ń lò nígbà náà: iná á kọ́kọ́ rọra jó, ó dìgbà tí omi bá tán kí wọ́n tó máa kó igi sí i títí yóò fi tó nǹkan bí 1,300°C.

Àwọn ìyá tó ń sun ìkòkò ní gbangba, bíi ti agbo ilé Dada ní Òkèlélé, Ìlọrin, kò ní ògiri tí wọ́n lè fi ká iná lọ́wọ́ kò. Tí koríko àti igi bá ti gbiná, ó gbiná nìyẹn. Nítorí náà, inú amọ̀ ni ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ìbílẹ̀ ń fi ọgbọ́n tiwọn sí. Wọ́n á po yanrìn tàbí àpáàdì tí wọ́n gún mọ́ ọn, kí ihò tíntìntín lè wà tí oru máa gbà jáde kíákíá. Lóòótọ́, atẹ́gùn òjijì lè ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́. Síbẹ̀, àwọn tó ń pe èyí ní iṣẹ́ àìlajú kò ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kí ìkòkò ọbẹ̀ gba iná ààrò láìsán, òun náà ló sì ń jẹ́ kí omi inú àmù tutù, torí omi ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbẹ ẹ́. Àmù Suleja tí wọ́n fi ọ̀dà dídán bò lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú omi tutù.