Ìwé Àṣẹ Ọkọ̀ Ńlá ní Amẹ́ríkà: Ti Akẹ́rù, Ti Àgbẹ̀ àti Ti Àjèjì

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọkọ̀ ńlá, ìjọba àpapọ̀ ló ń pàṣẹ ohun tó kéré jù tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀. Òfin ọdún 1986 ló bí ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá tí gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ń pè ní CDL (Commercial Driver's License), ó sì di dandan láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1992. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí ènìyàn lè fi ìwé àṣẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán wa tírélà, awakọ̀ mìíràn sì wà tó ń gba ìwé ní ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó, yóò fa òmíràn yọ. Láti ìgbà yẹn, awakọ̀ kan, ìwé kan ni.

Ìwọ̀n ọkọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti kọ iye tó lè wọ̀n tòun tẹrù sí àkọlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, iye yẹn sì ni òfin ń kà, yálà ẹrù wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà tàbí kò sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé ọkọ̀ tó ṣófo ti bọ́ lọ́wọ́ òfin. Ọkọ̀ tó ń fa òmíràn lẹ́yìn, tí àròpọ̀ àwọn méjèèjì tó pọ́ùn 26,001 (nǹkan bíi kílò 11,794), tí èyí tó ń fà sì ju pọ́ùn 10,000 lọ, wà ní ipele A. Ọkọ̀ ẹyọ kan tó tó ìwọ̀n yẹn, bíi típà, wà ní ipele B. Ipele C wà fún ọkọ̀ tí kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí a ṣe láti gbé ènìyàn 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, awakọ̀ pẹ̀lú, tàbí tó ń gbé ẹrù eléwu tó gbọ́dọ̀ ní àmì ìkìlọ̀ lára. Àfikún àṣẹ tún wà fún ọkọ̀ akérò, ọkọ̀ ilé ìwé àti táńkà. Ti ẹrù eléwu ló le jù, nítorí ìjọba àpapọ̀ yóò gba ìtẹ̀ka awakọ̀, yóò sì wádìí rẹ̀ kí ó tó rí i gbà.

Ẹni tó pé ọdún 18 lè fi CDL wakọ̀ nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pé 21 kí ó tó kó ẹrù kọjá ààlà. Oníṣègùn tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ yóò yẹ ojú, etí àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Bó bá yege nínú ìdánwò orí ìwé, yóò gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì lo ọjọ́ 14 ó kéré tán kí ó tó ṣe ìdánwò ọkọ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2022, ẹni tó ń gba ipele A tàbí B fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba.

Ìdánwò ọkọ̀ pín sí mẹ́ta: yíyẹ ọkọ̀ wò, dídarí rẹ̀ ní gbàgede, àti wíwà á ní títì. Èyí àkọ́kọ́ ló ń dẹ́rù ba ènìyàn jù, òun náà ló sì ń gba ẹ̀mí là jù. Awakọ̀ yóò rìn yí ọkọ̀ ká, yóò máa fọwọ́ kan ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò dárúkọ rẹ̀, yóò sì sọ àléébù tó ń wá níbẹ̀. Bó bá kan bíréèkì afẹ́fẹ́, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára aago tó ń ka afẹ́fẹ́. Bí ti tírélà bá lọ sílẹ̀ ju psi 4 lọ láàárín ìṣẹ́jú yẹn (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), afẹ́fẹ́ ń jò nìyẹn. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ tí kò ní irú bíréèkì yìí ṣe ìdánwò, wọn yóò kọ ọ́ sára ìwé rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ wa èyí tó ní in.

Àgbẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Òfin àpapọ̀ gba ìpínlẹ̀ láàyè láti jẹ́ kí àgbẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ ńlá láìní CDL, bí ọkọ̀ náà bá wà níkàáwọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń kó irè, ẹ̀rọ tàbí ohun èlò oko, tí kò sì jìnnà sí oko ju máìlì 150 (kìlómítà 241) lọ. Ìdí rẹ̀ yéni: nígbà ìkórè àgbàdo ní ìpínlẹ̀ bíi Iowa, ọkà tó ti gbó kò ní dúró de ẹni tó ṣì ń dúró de ọjọ́ ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò fúyẹ́ nítorí pé àgbàdo ló gbé, nítorí náà ìyọ̀ǹda yìí ní ààlà. Awakọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ ní irú ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń béèrè, ọjọ́ tó bá sì gbé ẹrù aládùúgbò gbowó ni ìyọ̀ǹda náà kò bò ó mọ́. Àwọn tó ń bá àgbẹ̀ kórè tàbí tó ń ta ajílẹ̀ fún wọn lè gba CDL onígbà díẹ̀ láìṣe ìdánwò ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, àmọ́ kò kan ipele A rárá.

Ní ti àjèjì, Kánádà àti Mẹ́síkò nìkan ni Amẹ́ríkà ń gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá wọn. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa tírélà láti Apapa dé Kano yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ káríayé kò sì lè yí èyí padà. Ẹni tó ní green card ń gba CDL bí ọmọ onílẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tí kò ní in lè gba irú mìíràn tí kò lè pẹ́ ju àṣẹ ìgbélùú wọn lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba gbé ìlànà jáde tó fẹ́ fi irú èyí mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní irú físà iṣẹ́ díẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a dúró ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ṣùgbọ́n ìjọba tún gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2026. Nítorí náà, kí ènìyàn tó sanwó ilé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Gbogbo wọn, onílé àti àlejò, gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó láti ka àmì ojú pópó kí wọ́n sì dá òṣìṣẹ́ ìjọba lóhùn. Òṣìṣẹ́ náà yóò bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀, yóò sì bi í ní ìtumọ̀ àmì. Láti ìparí oṣù kẹfà ọdún 2025, ẹni tó bá kùnà ni wọ́n ń dá dúró lójú ẹsẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀.