Bí Livigno ṣe bọ́ lọ́wọ́ owó ibodè

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun òkè Foscagno wọ Livigno lónìí, epo ọkọ̀, ọtí, sìgá àti lọ́fínńdà olówó pọ́ọ́kú ló ń wá lọ. Ìlú kékeré ni, ní àríwá Ítálì, létí ààlà Switzerland, nínú àfonífojì tó ga ní mítà 1,816. Kò sí owó ibodè níbẹ̀, kò sì sí VAT. Bí ẹ bá ń jáde ni àwọn agbofinró yóò ní kí ẹ ṣí búùtù: ọtí líle lítà 1, sìgá 200, ohun tó bá lé, ẹ ó san owó rẹ̀.

Ó máa ń ká mi lára bí àwọn èèyàn bá ń sọ pé ojúrere lásán ni àìsanwó ibodè yìí. Òtútù àti àìní ló bí i. Láyé àtijọ́, bí yìnyín bá ti dí orí òkè, ó di ìgbà tó bá yọ́ kí ẹrù tó tún wọlé. Màlúù, wàrà àti koríko gbígbẹ ni wọ́n ní. Ẹ̀yìn ìbaaka ni iyọ̀ àti ọkà ń gbà dé. Oníbodè tí ìjọba bá rán lọ síbẹ̀, owó igi ìdáná rẹ̀ lè ju ohun tí yóò rí gbà lọ.

Ní 1805, lábẹ́ Napoleon, ìjọba yọ wọ́n kúrò nínú owó ibodè. Napoleon ṣubú, Austria gba ilẹ̀ náà, òun náà fọwọ́ sí i ní 1818. Ítálì sọ ọ́ dòfin ní 1910, Àjọ Ọrọ̀ Ajé Ilẹ̀ Yúróòpù sì gbà á bẹ́ẹ̀ ní 1960.

Àmọ́ ọrọ̀ kò tètè dé. Ọjà olówó pọ́ọ́kú kò wúlò níbi tí oníbàárà kò lè dé. Fàyàwọ́ ni àwọn kan ń ṣe jẹun lágbègbè ààlà yẹn: wọ́n á gbé àpò kọfí àti sìgá pọ̀n, wọ́n á fi aṣọ àpò wé ẹsẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìró wọn lóru. Iṣẹ́ ikú ni.

Ọ̀nà ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà Foscagno nígbà òtútù. Nígbà tí àwọn ará Switzerland fẹ́ mọ ìdídò Punt dal Gall fún iná mànàmáná, wọ́n lu ihò gba inú òkè, ó lé ní kìlómítà 3, ọkọ̀ kò sì lè pàdé ọkọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti Switzerland ṣì ń gba ihò náà títí dòní. Ṣọ́ọ̀bù àti òtẹ́ẹ̀lì wá gba àyè koríko màlúù. Ibẹ̀ ni wọ́n yàn fún ìdíje snowboard, eré fífi pákó yọ̀ lórí yìnyín, ti Òlíḿpíìkì 2026.